Àwọn Tí Kò Ní Okùn Lọ́rùn

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ádémù ṣẹ̀ kò ju pé ó kírun. Ó kọjú sí àríwá, nítorí pé láti ilẹ̀ Tìgíréè, àríwá ni Mẹ́kà wà láti ìgbà tí Ọlọ́run ti tẹ́ ayé. Ó forí kanlẹ̀, ó dìde, ó tún forí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wà lórí òkè rí i. Wọ́n wo ibi tí ó kọjú sí, wọ́n rí i pé odi àwọn ará Íjíbítì náà wà lápá ibẹ̀, ni wọ́n bá pariwo pé ó ń fi orí júwe ọ̀nà fún ọ̀tá. Ta ni ó ń fi orí júwe ọ̀nà rí? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú àgọ́ ogun náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n de Ádémù ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sábẹ́ igi ólífì kan lẹ́yìn àgọ́ Balógun, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà ni Sírájì oníbáaka, ará Ádúwà. Ogún ọdún ni ó ti ń fi ìbáaka rẹ̀ ru ọkà bálì àti ẹ̀wà tẹ̀lé ogun àwọn olóyè ilẹ̀ náà kiri. Baba rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, baba baba rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn olóyè, Mùsùlùmí ni àwọn tí ń ru oúnjẹ wọn, kò sì sí wàhálà, àfi pé ẹnì kìíní kì í jẹ ẹran tí ẹnì kejì pa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àwọn ará Íjíbítì ti gòkè wá láti etí òkun pẹ̀lú àgbá ńláńlá, tí wọ́n mọ odi sí àfonífojì Mai-Dọ́rò, kò sí ẹni tí ó rántí ọkà tí ó ti jẹ mọ́. Tọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe ará Íjíbítì. Tọ́ọ̀kì náà ni wọ́n wá ń pe Sírájì.

Balógun Ásírátì kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọwọ́-Iná ni orúkọ ẹṣin rẹ̀, nítorí náà Baba Ọwọ́-Iná ni wọ́n ń kì í.

"Sírájì, ẹ̀sìn kan náà lẹ̀ ń ṣe, ìwọ àti wọn. Wọn ò ní yìnbọn fún ọ. Wọ odi wọn lọ, kó o lọ ta oyin fún wọn, kó o wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Bọ́rọ̀ ẹ bá jóòótọ́, mú àbúrò ẹ, kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bó bá jẹ́ irọ́, tàbí tí oòrùn bá kan àtàrí lọ́la tí mi ò rí ọ, igi tó jókòó sábẹ́ ẹ̀ yẹn náà la máa so ó kọ́ sí. Kí ọba kú bí mo bá purọ́!"

Bí wọ́n ṣe ń búra nílẹ̀ náà nìyẹn. Orí ọba ni wọ́n ń fi búra lórí ohun gbogbo, bí ẹni pé ọba kò ní ohun mìíràn tí ó ń fi orí rẹ̀ ṣe.

Kí Sírájì tó di oyin rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi ólífì. Ádémù, géńdé ọkùnrin tí ó ń pa ẹran fún gbogbo àdúgbò wọn ní Ádúwà, tí ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo di àgbò mú, di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa padà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá wa máa ń sọ pé—"

"Bàbá wa ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Èmi ti dé ibẹ̀."

Baba wọn, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ti sọ Íjíbítì di alùjánnà létí wọn láti kékeré. Ó ní níbẹ̀ ni ìmọ̀ wà, níbẹ̀ ni Mùsùlùmí ti ń rìn láàárín títì láìyà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní tiwọn sọ pé ilẹ̀ Fáráò ni, pé Ọlọ́run ti rì wọ́n sómi lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún rì wọ́n. Sírájì ti gba ọ̀dọ̀ wọn lọ sí Mẹ́kà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò sì rí alùjánnà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí Fáráò. Àwọn akọ̀wé oníkùn gbẹ̀ǹdù ni ó rí ní èbúté Màsáwà, tí Íjíbítì ń ṣàkóso. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ẹrú, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú màlúù. Ó kí wọn ní sàláámù, wọ́n dá a lóhùn bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí àgbàdo. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Íjíbítì níwájú rẹ̀, itọ́ ni ó ń tu.

Nígbà tí ó dé inú odi náà, kò rí ohun tí ó yí èrò rẹ̀ padà. Ọ̀gá kan tí ó dé fìlà pupa fi aṣọ ìnujú dí imú nígbà tí ó ń tọ́ oyin rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ogun jẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fi agbára kó kúrò nínú oko, wọ́n ń sunkún ilé. Ohun tí ó ya Sírájì lẹ́nu ni àwọn òyìnbó tí wọ́n wà láàárín wọn, àwọn tí wọ́n fi owó háyà láti òkè òkun wá kọ́ wọn lógun. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn yìí. Nínú Ààwẹ̀ Ńlá tí ó ṣáájú Àjíǹde, tí ogun ọba kì í jẹ ẹran, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà yíyan panu lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Kìrìsìtẹ́nì wọ̀nyí ń jẹ ẹran inú agolo, wọ́n ń fi ọtí líle tì í lẹ́sẹ̀. Sírájì wò wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò ó pé bí Abba Kídánè, àlùfáà Balógun, bá rí èyí, yóò dákú.

Oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí nígbà tí ó gun òkè dé àgọ́ padà. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà ti ń dúró dè é.

"Sírájì, báwo làwọn ìbátan ẹ?"

"Wọ́n ní kí n kí ìyá yín."

"Kí lo kó sábẹ́ àpò yẹn? Oyin kì í mí o!"

Ó ṣí àpò òfìfo tí ó wà lórí ìbáaka kejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, oyin lára irun, eruku lára ẹ̀wù. Bíṣáì ni orúkọ rẹ̀, ará Kàírò, ògbufọ̀ láàárín àwọn òyìnbó àti ọ̀gágun Íjíbítì. Àwọn ọmọ ogun fa idà yọ. Sírájì dúró síwájú rẹ̀, ó ní Balógun ni ó ni ín, ẹni tí ó bá pa á, kí ó lọ rò ó fún Balógun.

Nínú àgọ́, Balógun Ásírátì jókòó lórí ibùsùn tí wọ́n fi ọ̀já awọ hun. Jagun Débésáì, arúgbó tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ sí ogun, wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Abba Kídánè wà lápá òsì pẹ̀lú àgbélébùú fàdákà rẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù fún ogun náà. Bí àwọn ará Íjíbítì bá jókòó sínú odi, ebi ni yóò lé ogun ọba padà sílé, kì í ṣe àgbá. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀la ni wọ́n máa jáde," ni Sírájì wí. "Wọ́n máa gba àárín odò gbígbẹ tó wà níwájú odi wọn. Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn wa ti wà níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́."

Jagun Débésáì bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀la! Jímọ̀ ni lọ́la. Tọ́ọ̀kì wo ló ń jáde ogun lọ́jọ́ Jímọ̀? Oníbáaka yìí rò pé a ò mọ ẹ̀sìn wọn."

"Ẹ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, bàbá. Láti Màsáwà, ọ̀gágun wọn ò tíì kírun Jímọ̀ kankan."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tó dúró síbí yìí. Lánàá, òyìnbó kan là á mọ́ ọ̀gágun lójú níwájú gbogbo ọ̀gá pé ojo ni. Ọkùnrin yìí ló túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀gágun ní lọ́jọ́ Jímọ̀ òun á jáde síta gbangba, káyé wá wo ẹni tó ń jẹ́ ojo. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n na ògbufọ̀ ní ọgọ́rùn-ún pàṣán, torí pé ẹnu ẹ̀ lòun ti gbọ́ ọ. Ó sá bọ́ sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó nà án."

Jagun tu itọ́. "Tọ́ọ̀kì sọ fún Tọ́ọ̀kì, Tọ́ọ̀kì wá sọ fún wa. Baba Ọwọ́-Iná, páńpẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ ká so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sórí igi kan náà, ká lọ sùn."

"Ọkùnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí," ni Sírájì wí. "Kìrìsìtẹ́nì ni bíi tiyín."

Abba Kídánè dìde, ó lọ bá Bíṣáì, ó fi ìka méjì ya ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó wo ibẹ̀ yí ká bí ẹni ń wá eégbọn lára ajá. Nílẹ̀ náà, ọjọ́ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì bá ri ọmọ bọmi ni wọ́n ń so okùn aláró mọ́ ọn lọ́rùn, kì í sì í bọ́ ọ títí wọn ó fi sin ín.

"Níbo ni okùn ẹ̀ wà?" Àlùfáà náà nu ìka rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. "Kò ní okùn lọ́rùn. Ajá Balógun pàápàá ní okùn lọ́rùn."

Bíṣáì, tí kò gbọ́ èdè wọn, bi Sírájì léèrè ní èdè Lárúbáwá pé kí ni bàbá onírùngbọ̀n yìí ń wá lọ́rùn òun. Sírájì sọ fún un. Inú bí ọkùnrin náà dé góńgó.

"Sọ fún wọn pé àwa la kọ́ wọn ní àdúrà! Àwa là ń fi bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí wọn, bí èèyàn ṣe ń rán darandaran sí agbo. Wọn ò lè fi òróró yan bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, òun ni wọ́n wá ń wo ọrùn mi?"

"Kí ló wí?" ni Balógun bi.

"Ó ní òun kí yín," ni Sírájì wí, "inú òun sì dùn pé òun wà láàárín àwọn ará òun."

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé wọ́n ti pa ọkùnrin náà tán lọ́kàn wọn, àti Ádémù, àti òun náà. Ìbínú ogún ọdún ru sókè nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Abba, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bíṣọ́ọ̀bù tó fi òróró sórí ọba wa, ọmọ ìlú ibo ni?"

Gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ Íjíbítì ni, pé láti ayébáyé Íjíbítì ni wọ́n ti ń mú bíṣọ́ọ̀bù wá. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kì í sọ ọ́.

"Ẹ ti fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ rí, Abba?"

"Ìgbà mẹ́ta," ni àlùfáà náà wí, àyà rẹ̀ yọ síta díẹ̀.

"Kí lẹ rí lọ́rùn ọwọ́ náà, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò?"

Sírájì di ọwọ́ ọ̀tún Bíṣáì mú, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi omi nu oyin àti eruku kúrò. Àgbélébùú kékeré kan wà níbẹ̀, aláró, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín sára láti ìgbà èwe.

"Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í so ó mọ́ ọrùn. Ara ni wọ́n ń fín in sí, torí pé a lè já okùn."

Àlùfáà náà kúnlẹ̀, ó sì fẹnu ko ọwọ́ ọkùnrin tí ó torí rẹ̀ nu ìka mọ́ ẹ̀wù kò tíì pẹ́. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí," ni ó ń wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́wọ́ bàbá wa."

Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wá fún Bíṣáì. Wọ́n bu omi fún un kí ó fi wẹ ojú. Balógun bi í léèrè ohun tí Sírájì ti sọ, Bíṣáì tún un sọ, Sírájì túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yàtọ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Balógun Ásírátì wí. "Ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni. Mo gbà á. Jagun, kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ sínú odò gbígbẹ yẹn kílẹ̀ tó mọ́. Kí ọba kú, ọ̀la la ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọwọ́-Iná!"

Sírájì ṣì wà lórí ìdúró. Ogún ọdún ni ó ti ń ru oúnjẹ wọn, ọkùnrin tí ó jáde lábẹ́ àpò oyin ní wákàtí kan sẹ́yìn ni wọ́n gbà gbọ́. Ó wò wọ́n, àánú wọn ṣe é bí àánú ewúrẹ́ tí ó kó orí sínú ìkòkò.

"Àbúrò mi ńkọ́, olúwa mi?"

"Bí wọ́n bá jáde lọ́la, wàá rí i lọ́la. Bí wọn ò bá jáde, wàá rí i náà. Orí igi lo ti máa rí i."

Wọ́n jáde. Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ń fọn fèrè idẹ, wọ́n na àsíá pupa sókè, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Sírájì àti àwọn ìbáaka rẹ̀ wà lórí òkè, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wọ etí odò gbígbẹ náà, ilẹ̀ hu ènìyàn. Àgbá tí wọ́n ti kọ ẹnu rẹ̀ sí òkè kò rí àyè yí padà. Ṣé kí n tún máa sọ ohun tí idà ń ṣe? Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti parí, àwọn tí ó kù sì ń sá padà sí odi láìwo ẹ̀yìn.

Wọ́n ní kí Sírájì kó ìbáaka lọ ru ìbọn tí ọ̀tá jù sílẹ̀. Láàárín àwọn òkú ni ẹnì kan ti fa etí aṣọ rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti ṣí. Ó ń ka kálímà, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí, ó ń tún un kà. Sírájì bẹ̀rẹ̀, ó bá a kà á parí, ó sì ki ẹnu ìgò omi rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọkùnrin náà mu ún, ó ṣí ojú, ó wo àwọ̀ ara ẹni tí ó fún un lómi.

"Ọlọ́run á san án fún ọ," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ẹrú rere."

Ó sì kú. Sírájì pa ojú rẹ̀ dé. Ó ń bínú sí òkú, ó sì mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń bínú sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, Balógun Ásírátì ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lápá, inú rẹ̀ dùn, ó ń bá gbogbo ènìyàn ṣàwàdà. Bíṣáì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun tuntun. Wọ́n ti so okùn aláró mọ́ òun náà lọ́rùn, ó ń fi ìka họ ibẹ̀.

"Sírájì! O ṣeun. Nínú gbogbo Tọ́ọ̀kì tí mo mọ̀, ìwọ nìkan lèèyàn." Balógun bu ọwọ́ sínú àpò, ó sì fa okùn tuntun kan yọ. "Mo ti rò ó, mi ò rí ohun tó tó fi ta ọ́ lọ́rẹ ju èyí lọ. Kúnlẹ̀, kí Abba so ó mọ́ ọ lọ́rùn, kó o di ọ̀kan lára wa."

Tọkàntọkàn ni ó fi sọ ọ́. Òun ni ó burú jù níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwọ̀sí ni.

"Olúwa mi, ọrùn ìbáaka ni mo máa ń so okùn mọ́," ni Sírájì wí. "Àbúrò mi ni mo wá mú."

Balógun kò bínú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo àlùfáà, àlùfáà náà rẹ́rìn-ín. "Máa lọ mú un. Àbúrò ẹ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Ádémù jókòó lábẹ́ igi ólífì. Wọ́n ti tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ọrùn ẹsẹ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó. Sírájì rí nǹkan dúdú kan yí i lọ́rùn ká, ó rò pé ojú okùn tí wọ́n fi fún un lọ́rùn ni. Ó súnmọ́ ọn. Okùn aláró ni, tuntun, a so kókó rẹ̀ sẹ́yìn.

"Nígbà wo nìyí?"

"Láàárọ̀ àná. Kò pẹ́ tẹ́ ẹ lọ."

"Mo padà dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọn ò sọ fún ẹ?"

"Wọ́n sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbà á kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n má bàa so mí kọ́." Ádémù kò gbé ojú sókè. "Mo rò pé ẹ ò ní padà. Mùsùlùmí ni wọ́n. Mo ní, ta ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀, tó tún máa padà síbí?"

Sírájì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Balógun. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu Jagun ojú kan, ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà, ó sì ti fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Kò tíì palẹ̀ mọ́ láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀. Ó rò ó wò pé ta ni yóò máa pa ẹran nílé wọn báyìí, ta ni yóò sì sọ fún ìyàwó Ádémù pé ọkọ rẹ̀ kò lè jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Ó jókòó tì í. Ó fa àpò kékeré yọ, ó da ẹ̀wà yíyan tí ó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó pín in sí méjì, ó na ìdajì sí àbúrò rẹ̀. Ebi ń pa Ádémù dé ojú. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ gbé ojú sókè wo oòrùn, bóyá àkókò àtijẹun nínú Ààwẹ̀ Ńlá ti tó.

"Jẹ ẹ́," ni Sírájì wí. "Ẹ̀wà ni, kò sẹ́ni tó pa á."